Mọ́tò mi ń gbọ̀n bí mo bá ti tẹ bíréèkì: kí ni kí n kọ́kọ́ ní kí wọ́n yẹ̀ wò?

ÌyáAláṣọ_Ìbàdàn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, nítorí ẹ̀rù ti ń bà mí láti wa mọ́tò mi lọ ọ̀nà jíjìn. Camry 2004 ni, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Big Daddy, onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mò ń gbé e lọ sí Èkó láti lọ ra aṣọ ní Balógun. Láàárín ìgboro, kò sí ohun tó ń ṣe é. Àmọ́ bí mo bá ti bọ́ sórí márosẹ̀, tí mo wà lórí 100, tí mo wá fẹsẹ̀ kan bíréèkì, ṣe ni sítíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ mi bí ẹni tí òtútù ibà ń mú. Tí eré bá ti wálẹ̀ tó 50, á dákẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tírélà kan dúró lójijì níwájú mi ní Ìbàfò. Mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, mọ́tò gbọ̀n débi pé fóònù mi já bọ́ látorí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọmọ mi wà lẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà ni oorun ò ti kún ojú mi.

Mẹkáníìkì tó ń bá mi tún un ṣe ti pààrọ̀ páàdì iwájú lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́rin. Lẹ́yìn ìyẹn ó ní shaft ni, ọ̀pá tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà. Mo ra tòkunbọ̀, kò yí nǹkan kan padà. Ní báyìí ó ní kí n lọ ra rack sítíárìn, irin tí sítíárìn fi ń yí táyà. Kí n tó tún tú owó ọjà sílẹ̀, kí ni kí n ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Awakọ̀_Ìjẹ̀bú

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ dákun, ẹ má tíì ra rack o. Ẹ lọ ṣe balancing táyà ná. Tèmi náà gbọ̀n bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, òjé kan ló ti já kúrò lára rímù. Ọjọ́ tí wọ́n lẹ òmíràn mọ́ ọn ló parí.

BàbáBíréèkì_Gate

Ìyá wa, ẹ kú ìfaradà. A dúpẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe yín ní Ìbàfò. Iṣẹ́ bíréèkì ni mò ń ṣe ní Gate níbí ní Ìbàdàn, ó ti lé ní ogún ọdún, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ tí wọ́n ná irú owó tẹ́ ẹ ná yìí lásán.

Àbúrò mi Awakọ̀, o ò parọ́, ṣùgbọ́n àìsàn ọ̀tọ̀ nìyẹn. Táyà tí balancing rẹ̀ ò dáa máa ń gbọ̀n lórí eré, yálà ẹsẹ̀ wà lórí bíréèkì tàbí kò sí níbẹ̀, pàápàá láàárín 80 sí 110. Èyí tí ìyá wa ròyìn kì í gbọ̀n àfi tí wọ́n bá tẹ bíréèkì. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀, á kàn máa náwó kiri ni. Shaft tó ti jẹ náà, ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹná kí mọ́tò sáré ló sábà máa ń gbọ̀n, kì í ṣe ìgbà tẹ́ ẹ bá ń dá a dúró. Ti rack, kí ẹ máà dá a lóhùn ná.

Ìyá wa, ibo lẹ ti ń mọ̀ ọ́n lára? Bó bá jẹ́ sítíárìn ló ń gbọ̀n, iwájú ni kí wọ́n wá a lọ. Bó bá jẹ́ ìjókòó àti ilẹ̀ mọ́tò ló ń jì, tí sítíárìn dúró jẹ́ẹ́, ẹ̀yìn ni. Ẹsẹ̀ bíréèkì ńkọ́? Ṣé ó ń ti ẹsẹ̀ yín padà díẹ̀díẹ̀, bí àyà ẹni tó ń mí? Tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ò ní jìnnà sí dísìkì, mo lè fọwọ́ sọ̀yà.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Dísìkì ni irin pẹrẹsẹ tó ń bá táyà yí. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní rotor. Páàdì méjì ló wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀ tí wọ́n ń fún un mọ́ àárín. Bí dísìkì bá nípọn níbì kan, tó fẹ́lẹ́ níbòmíràn, gbogbo ìgbà tí ibi tó nípọn bá ń kọjá láàárín páàdì ló ń ti piston sẹ́yìn, ìyẹn irin tó ń ti páàdì nínú kálípà tó gbá páàdì méjèèjì mú. Piston á ti ọ́ìlì, ọ́ìlì á ti ẹsẹ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá wà lórí 100, táyà Big Daddy ń yí nǹkan bí ìgbà 14 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti gbá yín lẹ́sẹ̀ àti lọ́wọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ìyẹn ni gbígbọ̀n tẹ́ ẹ ń rí.

Kì í sì í ṣe ìyàtọ̀ tí ojú lásán lè rí. Dísìkì iwájú yín ò gbọdọ̀ yí wọ́, ìyẹn kó máa tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bó ṣe ń yí, ju 0.05 mm lọ. Ẹ fa ewé kan ya nínú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ yín: nǹkan bí ìdajì ìnípọn ewé yẹn là ń sọ. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá kàn yọjú wò ó á fi ní dísìkì ò ṣe nǹkan kan, tí á máa da páàdì tuntun lé e lórí. Páàdì tuntun lórí dísìkì tó ti wọ́, ọjọ́ mélòó kan ni yóò fi tù yín lára, gbígbọ̀n á padà.

Ẹ ní kí wọ́n fi òkúta di táyà ẹ̀yìn, kí wọ́n gbé iwájú sókè, kí wọ́n sì gbé stand tàbí ìtì igi tó dúró re sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn ki orí bọ abẹ́ mọ́tò tí jáàkì nìkan gbé dúró. Kí wọ́n kọ́kọ́ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí wọ́n mì í. Tó bá ń ṣeré, bíárìn tàbí ball joint náà wà nínú ẹjọ́. Kí wọ́n wá tú táyà, torí ojú lọ̀rọ̀ wà. Kí wọ́n wo páàdì inú àti páàdì ìta bóyá wọ́n jẹ dọ́gba. Kí wọ́n fi micrometer, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ìnípọn, wọn dísìkì ní ibi mẹ́jọ yíká, kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Tuntun rẹ̀ jẹ́ 28 mm. Tó bá ti wálẹ̀ sí 26, ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n máa ń tẹ nọ́ńbà náà sára dísìkì fúnra rẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ MIN TH sí.

Fọ́kánáísà_Sángo

Ẹ kú ìjókòó o. Mà, ẹ jọ̀ọ́, ta ló tú táyà yín gbẹ̀yìn kí gbígbọ̀n yìí tó bẹ̀rẹ̀?

Mò ń béèrè nítorí pé iṣẹ́ tiwa ló ń ba ọ̀pọ̀ dísìkì jẹ́, ó sì ń dùn mí. Ẹ máa rí ẹni tó ki páìpù gígùn bọ sípánà wílì, tó gun orí rẹ̀, tó ń fò sókè fò sílẹ̀. Nọ́ọ̀tì kan á le bí òkúta, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á rọ̀. Àárín rímù àti hóbù, irin tí wọ́n ń de táyà mọ́, ni dísìkì wà. Tí wọn ò bá fún un mọ́ra dọ́gba, á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀. Ẹ ò ní mọ̀ lọ́jọ́ kìíní. Ṣùgbọ́n ibi tó yọrí síta yẹn á máa ha páàdì bẹ́ ẹ ṣe ń lọ, tẹ́ ẹ ò bá tilẹ̀ tẹ bíréèkì, títí ìnípọn dísìkì á fi yàtọ̀ síra. Lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún kìlómítà mélòó kan ni gbígbọ̀n á dé, ẹ ò sì ní rántí fọ́kánáísà mọ́.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Táyà ṣì wà lókè ni màá ti fi ọwọ́ lásán yí nọ́ọ̀tì márààrún wọlé títí rímù á fi jókòó. Màá wá di ọ̀kan, màá fo ọ̀kan, bí ẹni tó ń ya ìràwọ̀ sílẹ̀. Tí mo bá ti sọ ọ́ kalẹ̀, màá fi torque wrench, sípánà tó ń wọn agbára tí a fi di nọ́ọ̀tì, parí rẹ̀ sí 103 Nm, torí iye tí Toyota fẹ́ fún Camry nìyẹn. Ẹni tí kò bá ní torque wrench, kó lo sípánà tó bá mọ́tò wá, kó fi agbára apá di í. Ẹsẹ̀ ò sí níbẹ̀. Páìpù ò sí níbẹ̀.

ÌyáAláṣọ_Ìbàdàn

Háà! Lóòótọ́, táyà iwájú ọwọ́ ọ̀tún jò lójú ọ̀nà Ṣàgámù nínú oṣù karùn-ún, ọmọkùnrin kan ló bá mi lẹ̀ ẹ́. Ó gun orí sípánà náà, mo rí i, mo tiẹ̀ ń kí i pé ó kú agbára. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn tí gbígbọ̀n bẹ̀rẹ̀.

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Sítíárìn ló ń gbọ̀n, ìjókòó ò gbọ̀n. Ẹsẹ̀ bíréèkì sì ń ti ẹsẹ̀ mi padà bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Ọmọ_Ẹ̀fọ̀n

Ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un, nítorí ẹni tó ń wa mọ́tò náà lè ba dísìkì jẹ́ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òkè tó wà láàárín Ìwàràjà àti Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, ẹ mọ bó ṣe ga tó, tó sì ní kọ́nà. Lẹ́yìn ọdún Kérésì, mo kó ẹrù kún Corolla 2005 mi, èrò mẹ́rin, iṣu kún búùtù, mo sì ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lórí bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òórùn jíjóná gba inú mọ́tò. Nígbà tí mo fi máa dé ìsàlẹ̀, ọkọ̀ ti tò síwájú, mo dúró síbẹ̀ bí ìṣẹ́jú márùn-ún, mo sì tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gbọin-gbọin ní gbogbo àsìkò náà. Ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ìgbà tí wọ́n tú táyà, mo bẹ̀rẹ̀ mo wò ó dáadáa. Àmì dúdú kan wà lójú dísìkì, ó rí bí páàdì gẹ́lẹ́, etí rẹ̀ mú ṣáká. Ìyá wa tẹ́ ẹ ń ta aṣọ, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ. Páàdì tó ti gbóná janjan ló yọ́ díẹ̀ sára irin níbi tó há a mọ́. Ibi yẹn nìkan á wá máa di páàdì mú ju ibi yòókù lọ.

Láti ìgbà náà, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ni mo ti ń fa gíà sí 2 tàbí L, kí ẹ́ńjìnnì lè máa bá mi di mọ́tò mú. Tí mo bá tẹ bíréèkì, màá tẹ̀ ẹ́ dáadáa, màá tún gbé ẹsẹ̀ kúrò kó lè fẹ́ afẹ́fẹ́. Tí mo bá dúró lẹ́yìn òkè, háńdì-bíréèkì ni mò ń fà.

Ará_Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ní London níbí, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù, gbogbo abẹ́ mọ́tò ló ń dógùn-ún. Mo pààrọ̀ dísìkì àkọ́kọ́, kò pé oṣù mẹ́fà tó fi tún ń gbọ̀n. Nígbà tí mo gbé e lọ fún MOT, àyẹ̀wò mọ́tò ti ọdọọdún níbí, wọ́n gbé táyà lé róólà tí wọ́n fi ń wọn agbára bíréèkì, a sì rí ọwọ́ aago bó ṣe ń lọ sókè sódò bí táyà ṣe ń yí.

Ẹlòmíràn ló wá bá mi tú u. Ó fi hàn mí: ìpẹtà le sára hóbù, èèpá bí ẹyọ iyanrìn, orí rẹ̀ ni wọ́n gbé dísìkì tuntun lé. Báwo ló ṣe fẹ́ jókòó dáadáa? Ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sándípépà fọ hóbù títí ó fi dán, kó tó gbé òmíràn sí i. Ó ti di ọdún kẹta báyìí. Ẹ dúró ti ẹni tó bá ń ṣe é fún yín o, nítorí tí dísìkì bá ti bo hóbù, ẹ ò lè mọ̀ mọ́ bóyá ó fọ̀ ọ́.

Àdùkẹ́_Àkúrẹ́

Bàbá, ẹ ń lẹ́ o. Ṣé fífá dísìkì lórí ẹ̀rọ lathe dáa? Wọ́n ní ó dínwó ju títún ra lọ. Ẹnì kan tún ní tí dísìkì bá gbóná kí n da omi tútù sí i, àti pé tí ọ́ìlì bíréèkì bá lọ sílẹ̀ mo lè fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì díẹ̀ kún un. Tèmi náà, bí mo bá tẹ bíréèkì lójijì nínú ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ bíréèkì á máa gbọ̀n gìrìgìrì, á sì máa ké kàràkàrà.

BàbáBíréèkì_Gate

Àdùkẹ́, ọmọ mi, jọ̀ọ́, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ò gbọdọ̀ kan agolo bíréèkì láéláé, ì báà ṣe ìdérí ìgò kan. Gbogbo rọ́bà tó wà nínú rẹ̀ ló máa wú, bíréèkì lè kọ̀ lọ́jọ́ tí o nílò rẹ̀ jù. Wo orí ìdérí agolo náà, irú ọ́ìlì tó ń lò wà níbẹ̀. DOT 3 ni wọ́n kọ sórí ọ̀pọ̀ Toyota. Ọ́ìlì yìí máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Tuntun rẹ̀ kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 205°C, ṣùgbọ́n èyí tó ti mumi lè hó ní 140°C péré, ooru tó sì wà nídìí òkè Ẹ̀fọ̀n yẹn lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá ti hó, ẹsẹ̀ bíréèkì á rì wọlé bí ẹni tẹ fùkẹ̀. Ní ọdún méjì-méjì, kí wọ́n fà á dànù, kí wọ́n rọ tuntun.

Omi tútù lórí irin gbígbóná, má dán an wò. Tí o bá ti ọ̀nà jíjìn dé, jẹ́ kí mọ́tò tutù kí o tó gbé e lọ fọ̀.

Gbígbọ̀n inú ẹrẹ̀ tó ń ké kàràkàrà yẹn, tó bá jẹ́ ìgbà tí o bá tẹ̀ ẹ́ lójijì nìkan ni, ABS ni, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há tí a bá tẹ bíréèkì lójijì. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe kí táyà má bàa fà. Má gbé ẹsẹ̀ kúrò, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí o máa darí mọ́tò lọ.

Ti lathe: ó dáa tí irin bá ṣì kù. Ẹ wọ̀n ọ́n kó tó gorí ẹ̀rọ, ẹ tún wọ̀n ọ́n tó bá sọ̀ kalẹ̀. Tí fífá bá máa gbé e lọ sísàlẹ̀ MIN TH, ẹ má fá a. Irin tó ti fẹ́lẹ́ kì í lè gba ooru mọ́, kò ní pẹ́ tí yóò tún fi wọ́. Ọ̀tún àti òsì ni kí wọ́n fá pọ̀, bí ẹ bá sì ń ra tòkunbọ̀ dísìkì, ẹ fi èékánná tọ́ etí rẹ̀. Tí ibi tí páàdì ń jẹ bá ti jìn, tí etí rẹ̀ ga bí etí àwo, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Lójú tèmi o, tí agbára bá wà, tuntun ni kí ẹ rà.

ÌyáAláṣọ_Ìbàdàn

Mo ti dé o. Mo gbé e lọ sí Gate, mo sì dúró tì wọ́n láti àárọ̀ títí tí wọ́n fi parí.

Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ tú. Páàdì ìta ṣì ku ìdajì, ṣùgbọ́n ti inú ò nípọn ju káàdì ATM lọ. Bàbá ní kí n fọwọ́ ti kálípà, kó lọ kó bọ̀. Kò mì. Wọ́n yọ pin tí kálípà fi ń rìn, rọ́bà orí rẹ̀ ti wú bí ẹ̀wà tó sùn sínú omi. Gíríìsì bíárìn ni ẹni tó pààrọ̀ páàdì fi sí i. Wọ́n ní gíríìsì silicone tí kì í ba rọ́bà jẹ́, tó sì lè gba ooru, ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Dísìkì náà: ibi tó nípọn jù 25.72 mm, ibi tó fẹ́lẹ́ jù 25.64. Mo kọ ọ́ sínú ìwé tí mo fi ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà. Ó ti kọjá 26 tipẹ́! Ti òsì jẹ́ 26.4, ṣùgbọ́n mo ra méjèèjì tuntun pọ̀.

Ó há mọ́ hóbù nígbà tí wọ́n fẹ́ yọ ọ́. Mo rò pé wọ́n á gbé òòlù. Rárá o. Ihò kéékèèké méjì kan wà lójú dísìkì, wọ́n yí nọ́ọ̀tì tó ń lo sípánà 12 sínú wọn, wọ́n ń di ọ̀tún díẹ̀, òsì díẹ̀, ó sì já "tó!" fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ pupa fún ìpẹtà. Wọ́n fọ hóbù títí mo fi rí òjìji ọwọ́ mi nínú rẹ̀. Wáyà ni wọ́n fi so kálípà rọ̀, wọn ò jẹ́ kó fi ọ̀pá ọ́ìlì rẹ̀ dirọ̀. Wọ́n fọ epo tó wà lára dísìkì tuntun kúrò kí wọ́n tó dè é.

Owó shaft ti lọ, ó sì dùn mí. Rack mi wà níbẹ̀ gbọin, kò ṣe nǹkan kan.

BàbáBíréèkì_Gate

Ẹ kú ìnáwó, mà. Ẹ jẹ́ n tún un sọ níbí kí àwọn yòókù lè gbọ́: páàdì àti dísìkì tuntun gbọ́dọ̀ mọ ara wọn kí ẹ tó gbé wọn lọ sí márosẹ̀. Ẹ wá ojú ọ̀nà tí kò sí ọkọ̀ ní kùtùkùtù. Ẹ sá dé 60, ẹ tẹ bíréèkì níwọ̀ntúnwọ̀nsì títí ó fi wálẹ̀ sí 15, kí ẹ má jẹ́ kó dúró pátápátá, ẹ tún sá padà. Bí ìgbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ẹ máa wà á lọ láìtẹ bíréèkì púpọ̀ kó fi tutù. Òórùn díẹ̀ lè jáde, kí ẹ má fòyà. Tẹ́ ẹ bá ti rin bí 100 kìlómítà, ẹ padà wá ká tún nọ́ọ̀tì táyà yẹ̀ wò.

ÌyáAláṣọ_Ìbàdàn

Mo ṣe é ní aago mẹ́fà ìdájí, ìgbà mẹ́wàá, mò ń kà á sókè.

Ìṣẹ́gun àná, mo lọ sí Balógun. Nígbà tí mo ń bọ̀, nítòsí Ìbàfò, mo wo dígí, kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn mi. Mo wà lórí 100. Mo tẹ bíréèkì títí ó fi dé 40. Sítíárìn dúró jẹ́ẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo yíjú wẹ̀yìn, ọmọ mi ṣì ń sùn.

Fọ́kánáísà, ẹ ṣé fún ìbéèrè yín yẹn. Bàbá, mo ti rìn ju 100 kìlómítà lọ, àárọ̀ ọ̀la ni màá wọlé wá fún nọ́ọ̀tì.